Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹfà Ju Èje Lọ: Àyẹ̀wò Olùtọ́jú Ìdì Tuntun Lórí Linux

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí a kò lè ṣe mọ́ láìsí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí ìró ohùn yóò nílò Praat, ètò tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam. Ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kọ yóò nílò ètò tí yóò máa gé ohùn sí wẹ́wẹ́ fún un. Ẹni tó sì fẹ́ tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ yóò nílò fọ́ǹtì àti kíbọ́ọ̀dù tó yẹ. Púpọ̀ nínú wa ló ti bọ́ sórí Linux nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé ẹ̀rọ àlòkù lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé orí rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: báwo ni mo ṣe máa fi ètò sórí ẹ̀rọ yìí?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí olùtọ́jú ìdì jẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀kan tó jẹ́ tuntun, ìyẹn App Center ti Ubuntu, láti ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Kpingni. Kpingni jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè tó wà lábẹ́ Dassa-Zoumè, láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Ìdáàṣà, ní ẹ̀ka Collines ní orílẹ̀-èdè Benin. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba ohùn àwọn àgbà tó ń sọ Ìdáàṣà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Láti Cotonou dé Dassa tó nǹkan bí kìlómítà 200. Tẹlifóònù ni mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, mẹ́gà ni mo sì ń rà. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n: kí ni olùtọ́jú ìdì ń sọ fún mi kí n tó tẹ bọ́tìnnì, èdè wo ni ó sì fi ń sọ ọ́?

Kí ni ìdì? Kí ni olùtọ́jú ìdì?

Lórí Linux, a kì í sábà lọ gba ètò lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Wọ́n ti di ètò kọ̀ọ̀kan pọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀: fáìlì tó ń ṣiṣẹ́, àwòrán rẹ̀, ìwé ìlò rẹ̀, àti ìwé pélébé kan tó sọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti àwọn ohun mìíràn tó gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń pè ní paquet lédè Faransé nìyí. Ìdì ni mo pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ibi tí wọ́n kó àwọn ìdì jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo pè ní àká, nítorí pé bí àgbàdo ṣe ń wà ní àká títí ẹni tó nílò rẹ̀ yóò fi wá mú un ni ìdì náà ń wà níbẹ̀. Ìdì tí òmíràn gbára lé ni mo pè ní ìdì àtìlẹ́yìn.

Olùtọ́jú ìdì ni ètò tó ń lọ sí àká fún wa. Ó ní ìwé àká lọ́wọ́, níbi tí wọ́n to orúkọ gbogbo ìdì sí. Bí a bá béèrè ọ̀kan, yóò wo ìwé náà, yóò rí àwọn ìdì àtìlẹ́yìn rẹ̀, yóò tún wo ohun tí àwọn yẹn náà gbára lé, títí yóò fi dé òpin. Yóò yọ èyí tó ti wà lórí ẹ̀rọ sílẹ̀, yóò kó ìyókù wá, yóò yẹ̀ wọ́n wò bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn wọ́n lọ́nà, yóò sì tò wọ́n sípò. Òwe àwọn àgbà bá ọ̀rọ̀ yìí mu, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹni tó béèrè ètò kan ṣoṣo lè rí i pé ogún ìdì ló ń bọ̀.

Ẹni tó bá ti kọ́ gírámà kò ní ṣàì mọ irú nǹkan báyìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó gba àbọ̀ kì í dá wá sínú gbólóhùn. Bí a bá mú un wá, a gbọ́dọ̀ mú àbọ̀ rẹ̀ wá. Ẹ̀yán kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá yọ ọ́ kúrò, gbólóhùn ṣì pé. Àwọn tó ń di ìdì fún Debian náà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n ń pe ohun tó dàbí àbọ̀ ní «Depends», ìyẹn ni pé bí kò bá sí, ètò kò ní ṣiṣẹ́. Wọ́n ń pe ohun tó dàbí ẹ̀yán ní «Recommends», ìyẹn ni pé ó dára kí ó wà, ṣùgbọ́n ètò lè rìn láìsí i. Olùtọ́jú ìdì a máa kó irú méjèèjì wá pọ̀ bí a kò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń ra mẹ́gà, ìyàtọ̀ àbọ̀ àti ẹ̀yán yìí di ọ̀rọ̀ owó.

Láti ojú-àṣẹ dé ojú-àwòrán

Ní 1993 ni Ian Murdock dá Debian sílẹ̀. Ètò ìdì tí wọ́n kọ́kọ́ ní, dpkg, lè fi ìdì tí a bá gbé fún un sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kì í lọ wá àtìlẹ́yìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. APT ló wá ń ṣe ìyẹn, ó sì bá Debian 2.1 jáde ní 1999. Ojú-àṣẹ ni a ti ń lo àwọn méjèèjì: a ó tẹ ọ̀rọ̀ sí ojú dúdú, a ó sì ka ohun tó bá fọ̀ padà.

Synaptic ló gbé ojú-àwòrán wọ̀ fún APT. Alfredo Kojima ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Conectiva ní Brazil. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Ubuntu jáde. Mark Shuttleworth, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, ló dá a sílẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ Debian. Títí di 2011, wọ́n ń fi CD Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, níbikíbi lágbàáyé. Ètò yìí ṣe àǹfààní púpọ̀ fún ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti yá, nítorí pé CD kì í jẹ mẹ́gà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Ubuntu 9.10 mú Software Center wá. Àwa tí a kàwé lédè Faransé mọ̀ ọ́n sí Logithèque, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ìlàjì logiciel àti ìlàjì bibliothèque ṣe. Ọ̀rọ̀ náà fi èrò inú ètò hàn dáadáa: kí ènìyàn wọlé bí ẹni wọ ilé ìkàwé, kí ó wo ohun tó wà lórí pẹpẹ, kí ó sì mú èyí tó wù ú. Ní 2011, Ubuntu 11.10 yọ Synaptic kúrò nínú ohun tó ń bá ẹ̀rọ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wà nínú àká. Ní 2016, GNOME Software gba ipò Software Center. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, App Center dé pẹ̀lú Ubuntu 23.10. Flutter, irinṣẹ́ Google, ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ohun mìíràn tún yí padà. Irú ìdì méjì ni App Center ń tọ́jú. Èkíní ni ìdì Debian tí a ti ṣàlàyé, tí ń pín àtìlẹ́yìn lò pẹ̀lú àwọn yòókù. Èkejì ni snap, tí Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ni Ubuntu, ṣe. Snap máa ń gbé púpọ̀ nínú àtìlẹ́yìn rẹ̀ sínú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń rìnrìn àjò tó gbé ìkòkò, àdògán àti igi ìdáná dání kí ó má baà yá ti ẹnikẹ́ni lò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ètò kan kò ní ba òmíràn jẹ́. Ìnira rẹ̀ ni pé ẹrù náà wúwo.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ó máa rí ohun tí mo ń wá?

Ojú App Center mọ́, àwòrán rẹ̀ dára, àpótí ìwákiri rẹ̀ wà lókè. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, snap ni yóò kọ́kọ́ fi hàn wá. Ẹni tó bá ń wá ìdì Debian gbọ́dọ̀ yí àsẹ́ tó wà lójú ìwé náà kí ìwọ̀nyí tó jáde. Ẹni tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ètò tí òun ń wá kò sí rárá.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo ìdì inú àká ni App Center ń fi hàn. Àwọn tó ní ìwé ìfihàn AppStream, níbi tí orúkọ ètò, àlàyé rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ wà, ni a lè rí. Ìdì tó jẹ́ àtìlẹ́yìn lásán, tàbí tó jẹ́ irinṣẹ́ ojú-àṣẹ, lè má ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìpinnu yìí dára fún ẹni tí kò fẹ́ kí ojú òun dàrú. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sábà máa ń wá ohun tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Nínú Synaptic, ohun gbogbo ló wà nínú àtòkọ: ẹ tẹ fonts-sil, ẹ ó sì rí Charis, Doulos àti Gentium, àwọn fọ́ǹtì SIL tó ń gbé àmì ohùn lé fáwẹ̀lì dáadáa, ìbáà jẹ́ ẹ tàbí ɛ.

Ìbéèrè kejì: ṣé ó sọ iye tí yóò ná mi?

Lójú ìwé snap kọ̀ọ̀kan, App Center kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìdì náà fúnra rẹ̀ ni. Snap kì í dá gbé gbogbo nǹkan. Ó máa ń dúró lórí ìpìlẹ̀ kan, irú bíi core22 tàbí core24, ètò alájú-àwòrán sì tún sábà máa ń béèrè ìdì GNOME tó tóbi. Bí ìwọ̀nyí bá ti wà lórí ẹ̀rọ, kò sí wàhálà. Bí wọn kò bá sí, wọ́n á tẹ̀ lé ètò náà wá, wọ́n sì lè ju mẹ́gà 100 lọ dáadáa. Èyí ni èje tó wà lẹ́yìn ẹfà.

Synaptic kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣírò kí ó tó ná. Bí a bá ti sàmì sí ìdì kan tí a sì tẹ «Apply», yóò to gbogbo ìdì tó ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sọ iye mẹ́gà tí yóò fà wálẹ̀ àti iye àyè tí wọn yóò gbà lórí díìsìkì. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó béèrè bóyá kí òun máa lọ. Nínú àwọn ètò rẹ̀, a tún lè sọ fún un pé kó má ka ẹ̀yán sí àbọ̀, ìyẹn ni pé kó fi «Recommends» sílẹ̀.

Ìnáwó mìíràn wà tí ojú kì í rí. Snap máa ń wo ilé ìtajà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, bí ó bá sì rí ẹ̀dà tuntun, yóò fà á wálẹ̀ láìbéèrè. Ní ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti lópin, ìrànlọ́wọ́ gbáà ni. Ní ibi tí a ti ń ra mẹ́gà, ẹni tó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tẹlifóònù láti ka lẹ́tà kan lè rí i pé mẹ́gà rẹ̀ ti tán. Oògùn rẹ̀ ni kí a tẹ àṣẹ yìí sí ojú-àṣẹ kí a tó kúrò nílùú: sudo snap refresh --hold. Ó dá a dúró títí a ó fi sọ pé kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé láti tú u sílẹ̀ bí ẹ bá padà sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, nítorí pé ẹ̀dà tuntun ló ń dí ihò tí àwọn olè lè gbà wọlé. Àṣẹ tí a fi ń tú u ni sudo snap refresh --unhold.

Ìbéèrè kẹta: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ńkọ́?

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa já, iná a sì máa lọ. APT ní ìwà rere kan níhìn-ín: ìdì tó bá já ní ìlàjì, yóò pa ìlàjì náà mọ́, yóò sì máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí. Bí iná bá lọ nígbà tí dpkg ń to ìdì sípò, àṣẹ sudo dpkg --configure -a ni a fi ń parí iṣẹ́ náà. Snap ní ìwà rere tirẹ̀: bí iṣẹ́ kan bá kùnà, yóò dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé a kò béèrè nǹkan kan. Méjèèjì ló ṣeé fọkàn tán. Ìyàtọ̀ wọn ni pé bí ìdì bá ti tóbi tó ni ewu pé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já ṣe ń pọ̀ tó.

Ìbéèrè kẹrin: ṣé mo lè gbé ìdì wá láti ibòmíràn?

Fún ẹni tó wà ní Kpingni, ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tí a kò lè fà wálẹ̀ lórí òkè, ẹlẹgbẹ́ wa ní Abomey-Calavi lè fà á wálẹ̀ sínú fláàṣì, kí ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Nígbà tí Ubuntu 24.04 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, App Center kò lè fi ìdì Debian tí a ti fà wálẹ̀ sórí ẹ̀rọ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ojú-àṣẹ nìkan ni a lè gbà. Wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀: àwọn tó kọ́ ètò náà fi ọkàn sí ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í tán, wọn kò sì kọ́kọ́ rántí ẹni tó ń fi fláàṣì rìn.

Synaptic rántí wa láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà tí a ń gbà nìyí:

1. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà díẹ̀, ẹ tẹ «Reload» kí ìwé àká lè jẹ́ ti lọ́ọ́lọ́ọ́. Ìwé náà fúnra rẹ̀ a máa ju mẹ́gà 20 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́.

2. Ẹ sàmì sí ìdì tí ẹ fẹ́. Synaptic yóò fi àwọn àtìlẹ́yìn kún un.

3. Nínú àtòkọ «File», ẹ yan «Generate package download script». Yóò kọ fáìlì kékeré kan tí àdírẹ́sì gbogbo ìdì wà nínú rẹ̀. Fáìlì náà fúyẹ́ débi pé a lè fi ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù.

4. Ẹni tó wà ní ìlú yóò ṣí i lórí Linux tirẹ̀, gbogbo ìdì náà yóò sì wá. Bí Windows bá ni ó ń lò, kí ó ṣí fáìlì náà bí ìwé lásán, kí ó sì da àwọn àdírẹ́sì inú rẹ̀ kọ sínú ètò ìwo íntánẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan.

5. Bí fláàṣì bá dé, ẹ tún lọ sí «File», ẹ yan «Add downloaded packages», kí ẹ sì tẹ «Apply».

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ẹ̀rọ tó wà ní Kpingni ló ń kọ àtòkọ. Òun ló mọ ohun tí òun ti ní àti ohun tí òun kò ní. Ẹni tó wà ní ìlú kò ní láti máa ro ó bóyá àtìlẹ́yìn kan kù.

Ìbéèrè karùn-ún: ta ló di ìdì yìí, kí ni ó sì lè fọwọ́ kàn?

Ìdì Debian wá láti inú àká tí àwọn ènìyàn kan ń bójú tó. Ilé ìtajà snap ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti kó ẹrù wá. Ní 2023, wọ́n rí àwọn snap èké tó ń díbọ́n bí àpò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, Canonical sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ènìyàn yẹ orúkọ tuntun wò kí ó tó wọlé. App Center máa ń fi àmì sí iwájú orúkọ ẹni tí wọ́n ti mọ̀ dájú. Ẹ wo àmì náà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ní ti èyí, App Center ṣe dáadáa.

Nǹkan kan ṣì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Púpọ̀ nínú snap ni wọ́n há mọ́ àyè kan, tí wọn kò lè rí fláàṣì tàbí káàdì rẹ́kọ́ọ̀dù tí a kì bọ ẹ̀rọ títí a ó fi fún wọn láyè. Ìyọ̀ǹda náà ni a ń pè ní removable-media. Bí ètò ohùn yín bá ṣí tí kò sì rí fáìlì tó wà nínú káàdì, ẹ má ṣe rò pé káàdì ti bàjẹ́. Ẹ wo inú «Settings», níbi «Apps», ẹ fún un ní ìyọ̀ǹda, tàbí kí ẹ da fáìlì náà kọ sínú ẹ̀rọ.

Èdè tí àká ń sọ

Mo ti sọ pé òṣùwọ̀n wa ní apá méjì: ohun tí olùtọ́jú ìdì ń sọ, àti èdè tó fi ń sọ ọ́. Apá kejì yìí jẹ́ tiwa gan-an.

Àpótí ìwákiri kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Lẹ́tà tí a bá tẹ̀ ni ó ń fi wé lẹ́tà tó wà nínú orúkọ ìdì àti àpèjúwe rẹ̀. Àpèjúwe Praat nínú àká Debian sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ó wà fún ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó bá tẹ «speech» yóò rí i. Ẹni tó bá tẹ «ìró ohùn» kò lè rí nǹkan kan bí kò bá sí ẹni tó ti kọ «ìró ohùn» sínú àpèjúwe náà. Àwọn ọ̀rẹ́ èdè Faransé ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú ètò ìtumọ̀ àpèjúwe ti Debian. Ìdí nìyí tí àwa tí a kàwé lédè Faransé fi ń rí nǹkan kà. Àǹfààní tí a ń jẹ níbẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló jókòó kọ ọ́, ìdì kan lẹ́yìn òmíràn.

Yorùbá náà lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ àkọtọ́. Ní Nàìjíríà, ẹ, ọ àti ṣ ni a ń kọ. Ní Benin, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí ìjọba gbé jáde ní 1975 ń lo ɛ àti ɔ, a sì ń kọ sh. CLDR, àkójọ ìmọ̀ èdè tí Unicode ń tọ́jú, mọ èyí: ó ní yo, ó sì ní yo-BJ fún Benin. Ìpìlẹ̀ Linux tí à ń pè ní glibc ní yo_NG. Fún ẹni tó ń sọ Ìdáàṣà, ISO 639-3 fún Ede Idaca ní kódù tirẹ̀, idd. Nítorí náà, «èdè wo?» tí ẹ̀rọ ń béèrè lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ìbéèrè nípa ẹ̀ka-èdè, àkọtọ́ àti ààlà orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Unicode kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹ ni, pẹ̀lú àmì òkè tí a gbé lé e. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ e tó lámì òkè kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Òmíràn lè ṣe òdì kejì. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú ètò tí kò tò wọ́n sí ìlànà kan kí ó tó fi wọ́n wéra, ọ̀rọ̀ méjì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sí ohun tí a ń wá rárá. Bí a bá fẹ́ kí àpèjúwe lédè Yorùbá wúlò, kí gbogbo atúmọ̀ lo ìlànà NFC ti Unicode, kí ètò ìwákiri sì lè fojú fo àmì ohùn nígbà tí ẹni tó ń wá nǹkan kò bá fi sí i.

Ní ti kíbọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe fi mẹ́gà wá a. Nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù tó ń bá Linux wá, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà, òmíràn sì wà fún Faransé ti Togo tí ẹni tó ń kọ ɛ àti ɔ lè yẹ̀ wò. Ẹ wá wọn nínú «Settings», níbi «Keyboard». Ètò tó ń bójú tó kíbọ́ọ̀dù yìí ni xkb, kódù kan náà tí ISO 639-3 fún Ede Nago ti Manigri àti Kambolé. Ọ̀rọ̀ àṣàmọ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni yóò rí i.

Ìdájọ́

App Center dára fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀ tó sì fẹ́ rí ètò pẹ̀lú àwòrán. Ó rọrùn, ó sì ń fi ẹni tó di ẹrù hàn. Ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹni tó ń fi fláàṣì rìn múra sílẹ̀ bíi Synaptic. Kí ẹni tó ń lọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní abúlé má ṣe ju èyí àtijọ́ nù nítorí pé tuntun dé. Kí ó fi Synaptic sórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ó fa ìwé àká wálẹ̀ níbẹ̀, kí ó fi Praat, Audacity àti fọ́ǹtì Charis síbẹ̀, kí ó dá snap dúró, kí ó sì ṣí ètò kọ̀ọ̀kan wò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọ mọ́tò. Àgbà tó gbà láti sọ̀rọ̀ fún wa ní ọjọ́ ọjà kò ní dúró dè wá títí ìdì àtìlẹ́yìn yóò fi dé.

Ní ti èdè, iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún wa. Àpèjúwe ìdì kan kì í sábà ju ìpínrọ̀ méjì lọ. Launchpad ni a ti ń túmọ̀ ti Ubuntu, Debian náà sì ní ibi tirẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ogún ìdì tí a ń lò jù nínú ẹ̀ka wa, kí a fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ bí ìdì, àká àti àtìlẹ́yìn, tàbí kí a wá èyí tó sàn jù wọ́n lọ, kí a sì kọ àpèjúwe wọn ní àkọtọ́ méjèèjì. Kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tó dára ju tèmi lọ kọ ọ́ sí ojú ewé yìí nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀.